Fíìmù táwọn onísáyẹ́ǹsì fẹ́ràn: èwo ni tàwọn ọmọ Jákáńdè?

Ẹni tó bá mọ Jákáńdè Estate, n'Ilasan, dáadáa, á mọ̀ pé tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, táwọn tó lọ síbi iṣẹ́ bá ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ìjà tẹlifíṣàn ló kù. Bàbá fẹ́ẹ́ wo bọ́ọ̀lù, ìyá ní Africa Magic Yorùbá lòun máa wò, ọmọ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sì ní fíìmù àwọn tó ń wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sójú sánmà lòun ń wò lọ́wọ́ kí wọ́n tó dé. Ibi tó máa ń parí sí ni pé wọ́n á gba rìmóòtù lọ́wọ́ ọmọ.

Ìyá á ní, "Lọọ gbé ìwé ẹ, jàre! Ṣé irọ́ òyìnbó yìí ni wọ́n máa bi ẹ́ nínú ìdánwò ni?"

Ọmọ á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ó kù díẹ̀ kó parí."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán o. Tí wọ́n bá bi àwọn tó ń fi sáyẹ́ǹsì jẹun léèrè ohun tó gbé wọn débẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ló máa dárúkọ ìwé àti tíṣà, àwọn kan á dárúkọ eré tẹlifíṣàn láìtijú.

Ẹ wo Mae Jemison. Ọjọ́ 17, oṣù kẹwàá, ọdún 1956, ni wọ́n bí obìnrin aláwọ̀ dúdú yìí ní ìpínlẹ̀ Alabama, l'Amẹ́ríkà, àmọ́ Chicago ló dàgbà sí. Ọmọdé ni nígbà tí eré kan tí wọ́n ń pè ní Star Trek bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn lọ́dún 1966. Àwọn inú eré náà ń fi ọkọ̀ rìn kiri láàárín ìràwọ̀, ẹni tó sì ń bójú tó ìpè tó ń wọlé àtèyí tó ń jáde nínú ọkọ̀ ọ̀hún, Uhura lorúkọ ẹ̀, obìnrin dúdú ni. Nichelle Nichols ló ṣe é. Láyé ìgbà yẹn, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ní kí obìnrin dúdú ṣe nínú eré òyìnbó. Ni Mae bá wo tẹlifíṣàn, ó rí ẹni tó jọ òun, ẹni náà ò sì fọwọ́ kan abọ́, iṣẹ́ ọpọlọ ló ń ṣe.

Ẹ sì wá gbọ́ o, díẹ̀ ló kù kí Nichelle fi eré náà sílẹ̀. Ohun tóun fúnra ẹ̀ máa ń sọ nígbà ayé ẹ̀ ni pé òun ti sọ fáwọn ọ̀gá òun pé òun ń lọ, kóun tó pàdé Martin Luther King níbi ayẹyẹ kan. King ní kò gbọdọ̀ lọ, pé eré náà nìkan lòun àti ìyàwó òun máa ń gbà káwọn ọmọ àwọn pẹ́ sùn tìtorí ẹ̀. Bó ṣe dúró nìyẹn. Nígbà tó di ọdún 1977, àjọ NASA bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn wá obìnrin àtàwọn aláwọ̀ dúdú tó máa bá àwọn lọ sójú òfurufú. Ọdún 2022 ló kú.

Mae ní tiẹ̀ kàwé gan-an. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, ó tún di dókítà, ó sì wá ṣiṣẹ́ dókítà fún àjọ Peace Corps ní Sierra Leone àti Liberia láàárín ọdún 1983 sí 1985. Lọ́jọ́ 12, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1992, ọkọ̀ Endeavour gbé e lọ sójú òfurufú, òun sì ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ tí Uhura máa ń sọ nínú eré ló máa fi ń ṣíde. Lọ́dún 1993, òun náà kópa nínú Star Trek. Ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú.

Kì í ṣe Mae nìkan o. Stephen Hawking, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lórí kẹ̀kẹ̀ aláìsàn, tó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ọpọlọ wọn jí pépé jù láyé, òun náà kópa nínú eré yìí lọ́dún 1993. Nígbà tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ inú eré náà hàn án, ẹ̀rín ló fi sọ fún wọn pé òun ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀.

Àmọ́ ìyá tó gba rìmóòtù ò jẹ̀bi tán o, nítorí irọ́ pọ̀ nínú fíìmù lóòótọ́. Àwọn onísáyẹ́ǹsì gan-an ló máa ń kọ́kọ́ pariwo. Gbogbo èèyàn ló ń sunkún nígbà tí wọ́n ń wo Titanic tó jáde lọ́dún 1997, ìràwọ̀ ojú sánmà ni Neil deGrasse Tyson ń wò ní tiẹ̀. Ó ní ìràwọ̀ tí wọ́n fi síbẹ̀ kọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ náà rì. Kò jẹ́ kí James Cameron tó ṣe fíìmù náà sinmi, àfìgbà tọ́kùnrin náà tún ìràwọ̀ tò nígbà tí wọ́n tún un gbé jáde lọ́dún 2012. Ẹni tó bá fẹ́ràn nǹkan ló ń wá àṣìṣe ẹ̀ tó báyẹn.

Èyí tó wá kan Èkó nìyí. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn tí wọ́n bí Mae, lọ́jọ́ 27, oṣù kẹwàá, ọdún 1956 kan náà, ni wọ́n bí Ameyo Stella Adadevoh l'Ékòó. Òun náà di dókítà. Lọ́jọ́ 20, oṣù keje, ọdún 2014, wọ́n gbé ọ̀gbẹ́ni Patrick Sawyer tó ń bọ̀ láti Liberia, ilẹ̀ tí Mae ti ṣe dókítà, wá sí ọsibítù wọn l'Óbalende. Dókítà Adadevoh fura pé Ebola ni. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu pé kó fi ọkùnrin náà sílẹ̀, ó ní rárá. Àrùn náà mú òun náà, ó sì kú lọ́jọ́ 19, oṣù kẹjọ.

Àwọn àgbà Jákáńdè ò ní í gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Ṣebí ìgbà yẹn ni fóònù ń dún láàárín òru, tí wọ́n ní kóníkálùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún, kí Ebola má baà mú un. Ibẹ̀ làwọn kan ti dèrò ọsibítù. Níbi táwọn kan ti ń wa iyọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ilé dé ilé. Èèyàn tó tó 900 ni wọ́n ń ṣọ́, ìgbà tí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ wọn lọ bẹ̀ wọ́n wò tó 18,500. Ogún èèyàn péré ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Lọ́jọ́ 20, oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò nílẹ̀ wa.

Ọjọ́ 93 ni gbogbo ẹ̀ gbà, òun ni Steve Gukas sì fi sọ fíìmù tó ṣe lórí ẹ̀ lọ́dún 2016, 93 Days. Bimbo Akintola ló ṣe Dókítà Adadevoh, Danny Glover ti Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀. Kò sí rọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ẹ̀. Ọsibítù l'Óbalende ni, ibi tí wọ́n lè wọ ọkọ̀ dé láti Jákáńdè, dókítà obìnrin tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi tiwa ló sì dúró lórí ohun tí sáyẹ́ǹsì sọ.

Uhura tí Mae rí, àtọwọ́dá ni. Èyí tọ́mọ Jákáńdè lè rí, ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Nítorí náà, ìyá tó bá fẹ́ẹ́ gba rìmóòtù lálẹ́ òní, kó kọ́kọ́ jókòó ti ọmọ ẹ̀, kó bi í pé, "Ta lo fẹ́ẹ́ jọ nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ yẹn?" Lẹ́yìn náà, kó wá 93 Days fún un, kí wọ́n jọ wò ó. Tí iyọ̀ bá tún dé lọ́jọ́ mìíràn, ó kéré tán, ẹnìkan á wà nínú ilé tó máa béèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀.