Àgbọ́ìgbọ́tán Lórí Ìdáláre

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí kò gbọ́ èdè àwọn ará Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ rárá ni òwe náà ń bá wí, nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò wá ògbufọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ìdajì, tí ó sì rò pé òun gbọ́ tán, ni ó ń bínú.

Àríyànjiyàn lórí ìdáláre, ìyẹn bí ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣe ń di olódodo níwájú Ọlọ́run, ní irú ìjà yìí nínú. Martin Luther kọ́ni pé nípa ìgbàgbọ́ nìkan ni, ó sì fi "nìkan" kún Romu 3:28 nígbà tí ó túmọ̀ Májẹ̀mú Titun sí èdè Jámánì ní 1522, bẹ́ẹ̀ Jakọbu 2:24 ní kì í ṣe ìgbàgbọ́ nìkan. Ní 1547, àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ní Trent kéde ègún lé ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé ìgbàgbọ́ nìkan tó, láìjẹ́ pé ènìyàn fi ìfẹ́ inú rẹ̀ bá oore-ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìgbàgbọ́ tí Luther ń wí ni kí ènìyàn fi gbogbo ọkàn gbára lé Kristi, èyí tí kò lè ṣàì so èso iṣẹ́ rere. Èyí tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbọ́ súnmọ́ gbígbà pé ẹ̀kọ́ Ìjọ jẹ́ òótọ́, irú èyí tí Jakọbu ní àwọn ẹ̀mí èṣù pàápàá ní. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Luther, ẹni tí ó ti kú ní 1546, kò sì gbọ́ tán bákan náà, torí àpérò yẹn kan náà ló sọ pé kò sí iṣẹ́ kankan ṣáájú ìdáláre tí ó lè sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, òwe yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní Regensburg ní 1541, Melanchthon, ọ̀rẹ́ Luther, àti àwọn ọ̀mọ̀wé Kátólíìkì, pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn Kádínà Contarini tí í ṣe aṣojú póòpù, jókòó títí wọ́n fi fẹnu kò lórí ìdáláre. Luther ní èrò tí kò bára mu ni wọ́n rán pọ̀, Róòmù náà sì kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1999, ní Augsburg, ni Ìjọ Kátólíìkì àti àjọ àwọn ìjọ Luther lágbàáyé tó fọwọ́ sí ìkéde pé ègún Trent kò kan ẹ̀kọ́ ìjọ Luther bí a ṣe là á sílẹ̀ nínú ìkéde náà. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì darapọ̀ ní 2006. Ohun kan ṣì le: ìjọ Luther ní ẹni tí a ti batisí jẹ́ olódodo àti ẹlẹ́ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Kátólíìkì sì ní ìbatisí mú gbogbo ohun tí í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kúrò, tí ó fi jẹ́ pé ìfà sí ẹ̀ṣẹ̀ ló kù. Vatican tọ́ka sí èyí ní 1998, ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n Pùròtẹ́sítáǹtì ní Jámánì sì tako ìkéde náà kí wọ́n tó buwọ́ lù ú, lẹ́yìn tí ìhà méjèèjì ti gbọ́ ara wọn yé.