Ẹ̀rọ Ìlọta Kọ́ Ló Yẹ Ká Máa Gbà Lọ́wọ́ Ọnárébù

Bí ẹgbẹ́ oníṣòwò bá fẹ́ lọ kí ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń lọ. Aṣọ ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn á wọ̀. Wọ́n á gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ lọ́nà méjì, ti Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì. Wọ́n á dárúkọ ara wọn láti orí alága dé orí igbákejì akápò. Ẹnì kan tó lóhùn á ki Ọnárébù, á ki bàbá tó bí i, á ki ìlú tó ti wá. Ọnárébù náà á fèsì, á ka iye ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ọ̀kadà tó ti pín láti ìgbà tó ti wọlé. Àtẹ́wọ́ á sọ. Ìgbà yẹn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ á tó rántí ohun tó gbé wọn kúrò nílé, á sì sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì: owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àwọn ti pọ̀ jù. Ọnárébù á ní òun ti gbọ́. Fọ́tò, ìrẹsì, àdúrà ìparí, ó di ilé.

Mi ò fi ìkíni ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa wọ ilé onílé tí á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀sùn láìkí wọn. Ṣùgbọ́n bí ìkíni bá ti gba gbogbo àkókò, ọ̀rọ̀ owó ò ní ráyè. Ẹ sì jẹ́ ká ṣírò owó ọ̀hún. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 2,000, Ọnárébù wá fún 50 nínú wọn ní ẹ̀rọ ìlọta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ₦200,000. ₦10 mílíọ̀nù nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni. Ká tún ní káńsù fi ₦1,000 péré kún owó tó ń gbà lóṣooṣù lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ọdún tó parí, ₦24 mílíọ̀nù ti jáde lápò wọn, á tún jáde lọ́dún tó ń bọ̀, á sì jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nínú owó ìlú náà ni wọ́n sì ti sábà máa ń ra ẹ̀rọ yẹn. Bí wọ́n bá fún yín, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ₦10 mílíọ̀nù gbàgbé ₦24 mílíọ̀nù.

Àwọn ìyá wa ò ṣe é báyìí. Lọ́dún 1940, Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba òyìnbó ṣòfin pé obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un bá ju 50 pọ́n-ùn lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ máa san owó orí. Obìnrin kankan ò lẹ́tọ̀ọ́ ìbò ní Èkó nígbà náà, wọn ò sì ní aṣojú kan tí wọ́n lè lọ bá pé àwa la fìbò gbé ọ débẹ̀. Síbẹ̀, nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn obìnrin ọjà kóra jọ, wọ́n forí lé ọ́fíìsì kọmíṣọ́nnà tó ń ṣàkóso Èkó. Olórí ẹgbẹ́ wọn ni Alimotu Pelewura, ìyá ẹlẹ́ja láti ọjà Ereko. Ìyá yìí ò kàwé, ṣùgbọ́n ohun tó bá lọ yé tọmọdé tàgbà: ẹ gbé owó orí yìí kúrò lọ́rùn obìnrin. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ìjọba ò fagi lé òfin náà, ṣùgbọ́n Gómìnà Bernard Bourdillon ò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa rọlẹ̀, ó di ẹni tí owó rẹ̀ bá ju 200 pọ́n-ùn lọ ni yóò san. Mélòó ló ń pa 200 pọ́n-ùn lórí àtẹ ẹja nígbà yẹn?

Ní Abẹ́òkúta, ọdún bíi méje lẹ́yìn èyí, ẹgbẹ́ obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì darí tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò kàn sọ pé àwọn ò san owó orí mọ́. Wọ́n kọ ibi tí owó mìíràn ti lè wá sílẹ̀, pé kí wọ́n lọ gbé owó orí lé àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń pa èrè lórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìwọ́de wọn àti orin wọn la máa ń rántí. Lójú tèmi, ìwé yẹn lágbára ju orin lọ.

Ẹni tó bá ní ayé àtijọ́ nìyẹn, kó wo Èkó lọ́dún 2018. Nínú oṣù Kejì ọdún náà, Gómìnà Akínwùnmí Ambode fọwọ́ sí òfin tuntun lórí owó ilé àti ilẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Land Use Charge. Ilé tí wọ́n fi ń ṣòwò yóò san 0.76 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ilé náà tó. Láìka ẹ̀dínwó, ilé ₦100 mílíọ̀nù yóò san ₦760,000 lọ́dún. Ìgbà tí ìwé owó dé ẹnu ọ̀nà ni ariwo ta. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Èkó, àwọn onílé-iṣẹ́ ńlá, àwọn onílé, àwọn agbẹjọ́rò Ìkẹjà, kò sẹ́ni tó dákẹ́. Kí oṣù Kẹta tó parí, ìjọba ti gé ti ilé ìṣòwò sí ìdajì, ó di 0.38. Lọ́dún 2020, ìjọba Babájídé Sanwó-Olú dá iye náà padà síbi tó wà kí 2018 tó dé, ó sì fagi lé owó ìtanràn ọdún mẹ́ta.

Kí ló mú kó bọ́ sí i? Ariwo wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ariwo ni ìjọba ń gbọ́. Nọ́ńbà tó ṣeé gé ni wọ́n gbé síwájú ìjọba. Ẹni tó bá ní “nǹkan ò rọrùn” kò tíì béèrè nǹkan kan. Ẹni tó ní “0.76 pọ̀ jù, ẹ sọ ọ́ di ìdajì” ti fún olóṣèlú ní ohun tó lè ṣe kó sì fi yangàn. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé wọ́n ti fọwọ́ sí òfin kí ọ̀pọ̀ tó jí. Ó rọrùn láti yí ìlà kan padà nígbà tó ṣì jẹ́ àbá ju kéèyàn máa wọ́de lórí òfin tó ti délẹ̀ lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé a máa ń gbé ẹjọ́ lọ bá ẹni tí kò ní agbára lórí rẹ̀. Kò sí ohun tí sénétọ̀ lè fi tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún aláta ṣe. Ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì, ìsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà, ìjọba ìbílẹ̀ ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 kó wọn fún. Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, tí ẹ lè má mọ orúkọ rẹ̀ pàápàá, ló ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí owó yẹn. Land Use Charge àti irú rẹ̀ jẹ́ ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. VAT, owó ibodè àti owó tí NAFDAC ń gbà, Àbújá ni. Ti iná mànàmáná ti yí padà: láti 2023, ìpínlẹ̀ náà lè ṣòfin lórí rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ẹ máa ń lọ bá tẹ́lẹ̀ lè má jẹ́ ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ lọ bá mọ́.

Kí ẹ tó lọ, ẹ béèrè òfin tó gbé owó náà jáde. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún ilé-iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn ìwé yín, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú oṣù Kẹrin 2025 pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Òfin 1998 lórí owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà tún sọ ọ́ kedere pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà nítorí àtigba owó orí. Kó má yà yín lẹ́nu bẹ́ ẹ bá rí i pé owó kan tí ẹ ti ń san tipẹ́ ò ní òfin kankan lẹ́yìn.

Ó wá ku ìpàdé fúnra rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni ilé aṣòfin Àbújá máa ń jókòó, nítorí náà òpin ọ̀sẹ̀ sí ọjọ́ Ajé la máa ń rí àwọn aṣòfin ibẹ̀ nílé. Ẹ má lọ ká aṣòfin yín mọ́ ibi ìnáwó. Ẹni tó ń ná owó fún olórin lọ́wọ́ á gbà sí gbogbo ohun tí ẹ bá sọ, kò sì ní rántí ọ̀kan lọ́la. Ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́kùn ìdìbò ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì ti gba ọjọ́ lọ́wọ́ PA rẹ̀. Ẹ bọ̀wọ̀ fún PA yẹn bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé sí yín, òun ló ń pinnu ẹni tó máa wọlé.

Ẹni mẹ́rin ti tó. Kí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ gan-an wà níbẹ̀: kì í ṣe alága tó ti fi òwò sílẹ̀ fún ọmọ, bí kò ṣe oníbúrẹ́dì tó ń fi owó fìláwà san owó káńsù. Kó kó rìsíìtì ọdún kan dání. Ìwé yín ò gbọ́dọ̀ ju ojú ewé kan lọ: iye tí ẹ ń san, ẹni tó ń gbà á, iye ènìyàn tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ yín, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń dìbò, àti ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́. Bí àpẹẹrẹ, bó bá jẹ́ kánsẹ́lọ̀ lẹ lọ bá: “Owó mẹ́ta tí káńsù ń gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, ká máa san án ní báǹkì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.” Bó bá ti di ohun márùn-ún, èyí tó rọrùn jù ló máa mú, á sì fi ìyẹn lé yín lọ.

Wọ́ọ̀dù tí mo ní kẹ́ ẹ kọ yẹn, ìdí wà: ìbò ni aṣòfin ń wò. Ilé aṣòfin Èkó ní ọmọ 40, Ọ̀yọ́ 32. Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì ní 26 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé ẹlẹ́ni 26, ẹni 14 ti pọ̀ ju ìdajì. Ẹgbẹ́ aránṣọ tó ní ẹ̀ka ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ lè rí ẹni 14 bá sọ̀rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kó má sì wo ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n wà. Ẹ tún wá alága ìgbìmọ̀ kékeré tí àbá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ ọjọ́ tí wọ́n máa pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn. Àwọn tó bá débẹ̀ ni wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ẹ wo bí ìlà kan ṣe lè kúrò nígbà tó ṣì jẹ́ àbá: àbá owó orí tó dé ilé aṣòfin àpapọ̀ lọ́dún 2024 fẹ́ kí VAT gun òkè díẹ̀díẹ̀ láti 7.5 títí dé 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 2030. Àwọn gómìnà kọ̀ ọ́, kò sì sí ìlà yẹn níbẹ̀ mọ́ nígbà tí Ààrẹ fọwọ́ sí i nínú oṣù Kẹfà 2025.

Àwọn kan á ní láìsí ẹ̀gúnjẹ, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn. Mo mọ̀ pé wọ́n ń béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba tiyín lónìí máa gba ti ẹni tó ń bá yín du ọjà lọ́la, òun lè lówó jù yín lọ, òfin sì ká ẹni tó fún un mọ́ ẹni tó gbà á. Rìsíìtì àti ìbò yín ni kẹ́ ẹ gbé lọ.

Bí ẹ bá ti darí délé, ẹ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́, kẹ́ ẹ kọ ìlérí tó ṣe àti ọjọ́ tó dá sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ ka ẹ̀dà rẹ̀ sí etí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ọjọ́ náà bá pé, ẹ padà lọ. Ní òpin ọdún ni àwọn gómìnà sábà máa ń gbé ìwé ìṣúná lọ sílé aṣòfin, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kọ iye tí wọ́n retí láti gbà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba rìsíìtì jọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti ìpàdé tó ń bọ̀.