Omi Tó Sùn Mọ́jú Ni Kí Ẹ Yẹ̀ Wò
Oṣù kẹrin ọdún 2014 ni ìlú Flint ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi odò rẹ̀ mu, láìfi oògùn tí kì í jẹ́ kí páìpù jẹrà sí i. Ni òjé inú páìpù bá ń yọ́ wọnú omi. Láti 1991 ni òfin ti ní kí wọ́n yẹ omi ilé wò fún òjé àti bàbà: kó sùn sínú páìpù fún wákàtí 6 ó kéré tán, kí wọ́n sì gba lítà 1 tó bá kọ́kọ́ jáde. Àmọ́ àwọn aláṣẹ ní kí àwọn ará Flint kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ kí omi dà nù lálẹ́ ṣáájú àyẹ̀wò, tí òjé á sì bá a lọ. Àyẹ̀wò wo nìyẹn? Òjé tí kò rùn, tí kì í pa àwọ̀ omi dà, àyẹ̀wò nìkan ló lè fi í hàn! Ọdún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n yéé ṣe bẹ́ẹ̀.