Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbàlagbà lè kà sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, èyíinì ni pé, ìhà wo ni ó yẹ kí ènìyàn jókòó sí nínú ọkọ̀ òfúrufú? Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ náà tó sọ. Ẹni tí ó san owó ọkọ̀, tí ó sì jókòó sí ìhà tí kò yẹ, ó dàbí ẹni tí ó lọ wòran tí ó kọ ẹ̀yìn sí agbo.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà tí ó ti Nairobi ní ilẹ̀ Kenya lọ sí Dar es Salaam ní ilẹ̀ Tanzania ṣe àpẹẹrẹ. Ìrìn náà kò pẹ́. Ó ju wákàtí kan lọ díẹ̀ ni. Níwọ̀n bí ọkọ̀ ti ń lọ sí ìhà gúúsù, tí ó sì yà díẹ̀ sí ìlà-oòrùn, ọwọ́ ọ̀tún ni òkè Kilimanjaro máa ń wà. Òkè yìí ga ní mítà 5,895, kò sì sí èyí tí ó ga tó o ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tí ó wà ní ọwọ́ òsì yóò rí pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ìkùukùu, yóò sì máa gbọ́ bí àwọn ará ọwọ́ ọ̀tún ti ń ké háà. Nínú ọkọ̀ tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta ní ìhà méjèèjì, lẹ́tà A ni fèrèsé ọwọ́ òsì, F sì ni ti ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ tètè bèèrè F, ẹ sì yẹra fún àárín ọkọ̀, nítorí ìyẹ́ rẹ̀ lè bo ilẹ̀ mọ́ yín lójú.

Àárọ̀ ni ó dára jù. Nígbà náà oòrùn wà lẹ́yìn ẹni tí ń wo òkè náà. Bí ọ̀sán bá pọ́n, ìkùukùu a máa bò ó.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1848 ni Johannes Rebmann, òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ C.M.S., rí òkè yìí, tí ó sì ròyìn pé òjò dídì wà lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ti Townsend àti Crowther tí wọ́n wọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, pàápàá W. D. Cooley, kò gbà á gbọ́ pé òjò dídì lè wà nínú ilẹ̀ tí oòrùn ń mú tó bẹ́ẹ̀. Rebmann fi ẹsẹ̀ rìn, ó sì fi ojú rí i. Cooley jókòó ti ìwé. Kí Hans Meyer àti Ludwig Purtscheller tó gun òkè náà dé téńté ní ọdún 1889, iyàn ti tán.

Nísinsìnyí, yìnyín náà gan-an ni ó ń tán lọ. Àwọn tí ń wọ̀n ọ́n sọ pé láti ọdún 1912, ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ tí ó ti pòórá. Òjò dídì tuntun a máa bo orí òkè náà nígbà mìíràn, tí ojú yóò fi rò pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Ẹ wò ó dáradára: òjò dídì a máa tẹ́ bí aṣọ, yìnyín àtijọ́ a sì máa dúró gbọnrangandan bí ògiri.

Nítorí náà, bí ìdílé bá ń lọ pọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. A mọ̀ pé bàbá ni ó san owó. Ṣùgbọ́n orúnkún bàbá yóò rí ààyè nà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ọmọ náà ni yóò sì pẹ́ láyé jù láti máa ròyìn ohun tí ó rí. Bí ẹ bá ń padà bọ̀, lẹ́tà A ni kí ẹ bèèrè.