ABALA ILÉ: IRIN TÍ EGUNGUN GBÀ



Ẹni tí ó bá dé Agbábù, ní agbègbè Odígbó, yóò gbọ́ ìròyìn ọ̀dà dúdú tí ń sun láti inú ilẹ̀. Kí ogun àgbáyé kìn-ín-ní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 ni àwọn òyìnbó ti ń gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ nítorí rẹ̀. A máa ń rí irin kan, fanádíọ̀mù, ní ìwọ̀nba díẹ̀ nínú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀. Irin yìí kan náà ni ó mú wa sọ̀rọ̀ eyín lónìí.

Eyín àgbà tí ó bá ti yọ kì í hù mọ́. Ẹni tí eyín rẹ̀ tán kò lè jẹ àgbàdo sísun, ojú a sì máa tì í láti rẹ́rìn-ín láàárín ẹgbẹ́. Ní 1952, oníṣègùn ará Sweden kan, Per-Ingvar Brånemark, fi irin taiténíọ̀mù sínú egungun ehoro láti wo bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn. Nígbà tí ó fẹ́ yọ ọ́, kò yọ: egungun ti hù mọ́ ọn. Ní 1965 ó fi irú irin náà sí egungun àgbọ̀n Gösta Larsson, ó sì gbé eyín lé e. Ọkùnrin náà lò wọ́n títí ó fi kú ní 2006.

Egungun gbà á nítorí pé awọ tín-ínrín kan a máa bo irin náà, kì í sì í jẹ́ kí ó dípẹtà. Ṣùgbọ́n taiténíọ̀mù nìkan kò le tó. Nítorí náà ni wọ́n fi ń pò ó: nínú ìwọ̀n 100, taiténíọ̀mù jẹ́ 90, àlúmíníọ̀mù 6, fanádíọ̀mù 4. Àdàlù yìí le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń ṣe ọkọ̀ òfurufú. Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ bẹ̀rù pé bí fanádíọ̀mù bá ń jò sínú ara díẹ̀díẹ̀, ó lè ṣe ibi. Wọ́n sì fi naióbíọ̀mù rọ́pò rẹ̀ nínú àdàlù mìíràn. Pẹ̀lúpẹ̀lù, irin tí ó bá le ju egungun lọ púpọ̀ a máa dá gbé ẹrù, egungun tí kò rí iṣẹ́ ṣe a sì máa joro. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá àdàlù tí yóò máa tẹ̀ díẹ̀ bí egungun.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ má ṣe yára yọ eyín tí ó ṣeé wò sàn. Bí yíyọ bá di dandan, ẹ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín tí ó kọ́ṣẹ́. Láti 1966 ni Yunifásítì Èkó ti ń kọ́ wọn. Kí owó tó jáde, ẹ bi í léèrè irú irin tí yóò fi sí yín lẹ́nu. Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ ń mu sìgá, ẹ má ṣe fi pamọ́ fún un, nítorí méjèèjì lè dí egungun lọ́wọ́ láti hù mọ́ irin. Bí owó kò bá tó, eyín àtọwọ́dá tí a ń yọ ṣì wà: ẹ máa fọ̀ ọ́ dáradára, ẹ sì máa yọ ọ́ bí ẹ bá fẹ́ sùn.

Kì í ṣe líle irin nìkan ni a ń wá, bí kò ṣe irin tí ara yóò gbà bí ẹbí.