Tọkọtaya Tó Fẹ́ Jápa, Ajá Yín Ńkọ́?

Lóde òní, bí tọkọtaya kan bá fẹ́ kó kúrò ní Nàìjíríà, orí WhatsApp la ti sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n á gbé fíríìjì síta, jẹnẹrétọ̀ á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà bẹ́ẹ̀dì, àga àti mọ́tò, iye owó kálukú á wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá wá ku bí ọ̀sẹ̀ kan, a ó rí àwòrán ajá. Ajá náà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ẹni tó ń ya á ní fọ́tò. Wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ti gba abẹ́rẹ́, pé ó ń ṣọ́lé dáadáa, pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó tètè pè nítorí olówó rẹ̀ ti fẹ́ wọ bàálù.

Mi ò bínú sí ẹni tó ń lọ. Nǹkan le nílẹ̀ yìí, ẹni tó bá sì rí ọ̀nà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ọ̀rọ̀ ajá ló máa ń gbẹ̀yìn nínú ètò. Ọkọ àti ìyàwó á ti fi nǹkan bí ọdún kan múra. Wọ́n á ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sáré gba èsì ìdánwò ní yunifásítì, wọ́n á lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, owó á sùn sí báńkì fún ọjọ́ 28 bí àwọn aláṣẹ ìlú ọba ṣe fẹ́. Nínú gbogbo ìpàdé tí àwọn méjèèjì ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, kò ní sí ẹni tó máa béèrè pé ajá ńkọ́, ológbò ńkọ́. Ìgbà tí físà bá jáde, tí wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tán, ni ojú á ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó sì ti pẹ́ jù nígbà yẹn, torí ìwé ajá ń pẹ́ ju físà ẹlòmíràn lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ilẹ̀ Bìrìtéènì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tiwa ń forí lé. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n fọkàn tán lórí àrùn dìgbòlugi. Nítorí náà, ajá tàbí ológbò tó bá ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní microchip, ohun wẹ́wẹ́ kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, tí dókítà ẹran ń fi abẹ́rẹ́ tì sábẹ́ awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Nọ́ńbà 15 ló wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà yẹn ni wọn ó sì máa fi dá a mọ̀ lórí gbogbo ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn ni abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, ẹran náà kò sì gbọdọ̀ kéré sí ọ̀sẹ̀ 12 kó tó gbà á. Ẹ ó dúró fún ọjọ́ 30, ó kéré tán, kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò tí òfin fọwọ́ sí, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ajá sábà máa ń wọ bàálù lọ sókè òkun ṣáájú ajá fúnra rẹ̀. Bí èsì bá dára, oṣù 3 gbáko ló tún kù, láti ọjọ́ tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀, kó tó lè wọ ìlú ọba. Ẹ rò ó pọ̀: oṣù 4 ti lọ, bí gbogbo nǹkan bá tilẹ̀ lọ geere. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kó gbéra, ajá á tún gba oògùn aràn láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó gúnlẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé ìlera rẹ̀. Àjọ NAQS, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran àti irúgbìn tó ń wọlé tó ń jáde, náà gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé tirẹ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yọ̀ ni ti microchip yẹn. Mo wà lọ́dọ̀ dókítà ẹran kan n'Íbàdàn lọ́jọ́ tí tọkọtaya ọ̀dọ́ kan mú ajá wọn wá, ajá pupa kan tó gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyàwó láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó. Ìyàwó mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání, òǹtẹ̀ kún inú rẹ̀ láti ìgbà tí ajá náà ti wà lọ́mọ, wọn ò pa ọdún kan jẹ. Dókítà mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka microchip, ó rọra fà á láti ìdí etí ajá dé èjìká, ó tún fà á padà lápá kejì. Ẹ̀rọ náà kò dún. Ó wá là á yé wọn pé abẹ́rẹ́ tí ajá bá gbà kó tó ní microchip, lójú òfin ìrìn àjò, bí ẹni pé kò gbà á ni, torí kò sí ohun tó fi hàn pé ajá yìí gan-an ni wọ́n gún. Àfi kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ọkọ ní, "Ẹ gbà wá, dókítà, oṣù tó ń bọ̀ la ń lọ." Ìyàwó kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń pa káàdì yẹn dé, ó ń ṣí i. Owó kọ́ ló fa wàhálà wọn, ìtọ́jú tí wọ́n ṣe kò kù síbì kan. Kò sáà sẹ́ni tó sọ fún wọn ni.

Ẹ má rò pé ìkà ni òfin yìí o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, Áfíríkà àti Éṣíà ló sì pọ̀ sí jù. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá kó o, bí 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, kò fẹ́ẹ̀ sí oògùn tó lè gbà á là mọ́. Àrùn náà lè fara pamọ́ sínú ajá fún oṣù díẹ̀ kó tó fojú hàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká dúró. Bìrìtéènì ti lé e kúrò lára àwọn ajá wọn láti ọdún 1922, wọn ò sì fẹ́ kó padà wá. Kódà nǹkan ti rọ̀ ju ti àtijọ́ lọ: títí di òpin ọdún 2011, oṣù 6 ni ajá tó bá ti Nàìjíríà dé máa ń fi wà ní àhámọ́ lọ́hùn-ún kí ẹni tó ni ín tó lè mú un lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ bàálù tún wà ńbẹ̀. Bí ẹran bá fẹ́ gba ojú òfuurufú wọ Bìrìtéènì, kò gbọdọ̀ jókòó sọ́dọ̀ èrò, àfi ajá tó ń ran aláàbọ̀ ara lọ́wọ́. Kágò ni wọ́n á fi í sí, owó kágò ajá ńlá sì lè ju tíkẹ́ẹ̀tì olówó rẹ̀ lọ. Kéèjì rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi tó fún un láti dìde dúró, kó yípo, kó sì nà gbalaja. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń gbé kéèjì náà sí pálọ̀ láti oṣù mélòó kan ṣáájú. Wọ́n á tẹ́ aṣọ tí wọ́n ti wọ̀ sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ajá á ti máa jẹun, títí tí á fi máa wọ ibẹ̀ lọ sùn láìsí ẹni tó tì í. Bó bá di ọjọ́ ìrìn àjò, wọ́n á ti fi omi inú àwo rẹ̀ sí fírísà kó dì, kó má baà dànù nígbà tí wọ́n bá ń gbé kéèjì sókè sódò. Á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, ajá á máa lá a. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fún un ní oògùn oorun, ẹ má gbà. Ó lè dí i lẹ́mìí lókè, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í sì í gba ajá tó bá ti lò ó. Àwọn ajá onímú pẹlẹbẹ bíi Pug àti French Bulldog kì í lè mí dáadáa nínú ooru, àwọn iléeṣẹ́ mìíràn kì í gbé wọn rárá. Ẹni tó ní Pit Bull tàbí XL Bully ní tirẹ̀, kó má wulẹ̀ dáwọ́ lé e: òfin Bìrìtéènì ti ọdún 1991 ló ti ka Pit Bull léèwọ̀, wọ́n sì fi XL Bully kún un ní ìparí ọdún 2023.

Àwọn kan á ní ká gba Paris tàbí Amsterdam, níbi tí ajá kékeré ti lè jókòó sẹ́sẹ̀ olówó rẹ̀ nínú bàálù, ká wá fi mọ́tò wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ òkun láti Calais bọ́ sí England. Ọ̀nà náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ wá físà Schengen mọ́ ti Bìrìtéènì, àwọn ará Yúróòpù náà á sì béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oṣù 3 yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan tọkọtaya jù nìyí. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú ọkọ tàbí aya dání lọ sí Bìrìtéènì mọ́, àfi àwọn díẹ̀ bí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ìjìnlẹ̀. Ọ̀kan á ṣáájú, èkejì á dúró ti ilé àti ajá. Mo mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kan, ìyàwó wà ní Leeds, ọkọ wà l'Ákòbọ̀ n'Íbàdàn. Bí ìyàwó bá pè lórí fídíò, ajá á gbọ́ ohùn rẹ̀, á fi imú kan fóònù, á tún sáré lọ wò ó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá bóyá ibẹ̀ ló wà. Ajá yẹn ni ọkọ ń bá sọ̀rọ̀ ní alẹ́, torí rẹ̀ ló ṣe ń tètè délé. Ẹni tó bá ní kó tà á kò mọ ohun tí àdágbé ń fojú ọkùnrin rí. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òfin ní kí ẹran náà dé láàárín ọjọ́ 5 sí ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá dé, ìbáà jẹ́ ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjà títà ni wọ́n á kà á sí, òfin mìíràn tó le ju èyí lọ ni wọ́n á sì fi mú un. Nítorí náà, orúkọ ẹni tó máa kẹ́yìn lọ ni kó wà lórí ìwé ajá.

Ti Amẹ́ríkà náà kì í ṣe kékeré. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ajá tí kò bá tíì pé oṣù 6 kò lè wọ ibẹ̀, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àjọ CDC, tó ń gbógun ti àrùn níbẹ̀, kà sí eléwu ní ti dìgbòlugi. Ajá tó gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ wa gbọ́dọ̀ gba pápákọ̀ òfuurufú tí wọ́n yàn wọlé, bíi ti Atlanta tàbí JFK ní New York. Ológbò kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní ebi ń pa ènìyàn, ẹ ń náwó lé ajá. Wọ́n á ní àṣà òyìnbó ni. Kò sẹ́ni tó fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti sin ajá. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ mú un wọlé, tó fi í ṣọ́ ara rẹ̀ sùn lọ́dún gbọọrọ, ti jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ní ti àṣà òyìnbó, ẹ bi àwọn ọdẹ wa. Ọdẹ kì í pín ẹran kó má yọ ti ajá sọ́tọ̀. Òwe ló fi ń sọ ajá rẹ̀ lórúkọ, orúkọ tí àwọn aládùúgbò á gbọ́ tí wọ́n á mọ̀ pé àwọn ló ń bá wí. Àìmọye àlọ́ la sì gbọ́ níbi tí ajá ti gba olówó rẹ̀ lọ́wọ́ ikú nínú igbó.

Ẹ tún wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ajá tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọlọ́dẹ géètì. Ní oṣù àkọ́kọ́, owó oúnjẹ á wọlé láti òkè òkun. Tó bá yá, owó á di ìgbà tí wọ́n bá rántí. Ayálégbé tuntun á kó dé, kò fẹ́ ajá, wọ́n á lé e síta. Ajá kò mọ ibòmíràn, á tún padà wá dùbúlẹ̀ sẹ́nu géètì, wọ́n á jù ú lókùúta. Á di ajá ìgboro, àkókò abẹ́rẹ́ rẹ̀ á kọjá láìsí ẹni tó kà á kún. Irú ajá bẹ́ẹ̀ ni dìgbòlugi ń rí mú. Nínú àwọn tí ajá tí wọ́n fura sí pé ó ní àrùn yìí ń bù jẹ lágbàáyé, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ajá tí ìdílé kan fi sílẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò nìyẹn, ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ tó ń ti iléèwé bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ajá ló yẹ kó lọ. Ajá tó ti darúgbó, èyí tí ọkàn rẹ̀ kò dá, èyí tí òtútù lè pa, ó sàn kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹlòmíràn kò sì lówó rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n fífi sílẹ̀ náà gba ètò. Kí ẹni tó fẹ́ gbà á máa wá sílé yín láti oṣù méjì ṣáájú, kí ajá mọ òórùn rẹ̀, kó lọ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tún padà. Ẹ fún un ní káàdì abẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà fóònù dókítà, kí ẹ sì fi owó abẹ́rẹ́ ọdún tó ń bọ̀ lé e. Àwọn tó fẹ́ gbé e lọ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ìbẹ̀rù onílé òyìnbó dá wọn dúró: òfin ayálégbé tí wọ́n buwọ́ lù fún England ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 sọ pé bí ayálégbé bá tọrọ àyè láti sin ẹran, onílé kò gbọdọ̀ kọ̀ láìsí ìdí tó gún régé.

Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ ń múra, mo bẹ̀ yín, ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ti fẹnu kò pé ẹ ń lọ, ẹ mú ajá tàbí ológbò yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn wà ńbẹ̀, ti yunifásítì FUNAAB l'Abẹ́òkúta náà wà ńbẹ̀. Microchip ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí abẹ́rẹ́ tẹ̀lé e. Bí ẹ ò bá sì ní gbé e lọ, òní ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa gbà á, kí ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ ó ta fíríìjì.