Ẹ̀yẹ Tí Yóò Wúlò fún Wolé-Wolé Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni ti bàbá wolé-wolé wa, òṣìṣẹ́ kánsù, tí ń fẹ̀yìn tì ní ìparí oṣù. Ìlú Ìbàdàn yìí ni ó ti ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Òfin iṣẹ́ ọba ni pé bí òṣìṣẹ́ bá ti lo ọdún 35, tàbí bí ó bá ti pé ẹni 60 ọdún, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì, kí ó lọ sinmi. Ti bàbá wa, ọdún iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ pé.

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan ní kí a ra aṣọ ẹbí, kí a pa màlúù. Àwọn mìíràn yarí, wọ́n ní àwọn kò lè dáwó fún ẹni tí ó gbé àwọn lọ sí kóòtù. Èmi kò bá apá kankan lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ yarí, òótọ́ ni pé ó gbé yín lọ. Ẹni tí ó bá da pàǹtí sínú gọ́tà, ẹni tí tanwíjí bá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìkòkò omi rẹ̀, ìwé ìpè kóòtù ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun tí omi ti ṣe ní ìlú yìí. Ní 31 August 1980, odò Ògùnpa kún, ó wó ilé, ó gbé ènìyàn lọ. Ní 26 August 2011, omíyalé tún ya bo Ìbàdàn, ó pa ènìyàn tí ó lé ní 100. Òjò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtí tí ó dí ojú omi, àti ilé tí a kọ́ sí etí odò, wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di àjálù. Bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, bàbá yìí á gbé ọ̀pá, á máa tọ gọ́tà wò láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. A ní ó le jù. Ẹnì kan tilẹ̀ ká owó sínú ìwé ìròyìn fún un rí. Ó dá owó padà, ó mú ìwé ìròyìn lọ, ó ní òun fẹ́ ka ti bọ́ọ̀lù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí. Ẹni tí kò gba owó ẹ̀yìn fún ọdún 35, owó oṣù nìkan ni ó ń jẹ. Lọ́jọ́ tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó oṣù dúró. Owó àjẹmọ́nú kì í sì í tètè dé. Ṣebí ẹ̀yin náà ń rí àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ kánsù tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí èkejì pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá. Àwọn mìíràn kú kí ó tó kàn wọ́n. Aṣọ ẹbí wo ni yóò ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?

Nítorí náà, kí a kó owó aṣọ àti ti màlúù jọ, kí a kà á lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ìpàdé. Ti oúnjẹ kò le, ìyá alámàlà ti ní òun yóò se é.

Ó ku owó tirẹ̀ gan-an. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni, ó sì ń fi owó pamọ́ lóṣooṣù. Kò gbọdọ̀ di lọ-kí-o-bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo ti ṣírò ìwé rẹ̀ pẹ̀lú èlé, ìbuwọ́lù alága àti akápò ni ó kù. Kí ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ tí ó bá fẹ̀yìn tì, kì í ṣe oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Bí ó bá wù ú kí ó fi díẹ̀ sílẹ̀, kí ó máa bá ẹgbẹ́ lọ, ààyè wà.

Ẹni tí yóò dáwó, kí ó mú un wá fún akápò kí ó tó di Àbámẹ́ta tí ń bọ̀, kí ó sì gba rìsíìtì. Ẹ̀yin tí ẹ ti san owó ìtanràn rí, a kò ní kọ tiyín.